Kí Ọ̀kan Má Kéré sí Èkejì

Nuha gbé sídì kan wá láti Beirut, ó fi áńkáṣíìfù wé e sínú àpò ọwọ́ rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kún Beirut fọ́fọ́, ṣùgbọ́n Tripoli, ìlú tó wà ní àríwá ibẹ̀, ló wá. Ó ní nígbà tí òun wá kí ọ̀rẹ́ òun kan tó ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀, òun rí ìwé ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, iṣẹ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì wu òun. Bó ṣe ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà nìyẹn, lẹ́yìn tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọlé.

Abu Halim ni àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, ìyẹn bàbá Halim. Nuha béèrè bóyá Halim ti lọ sílé ìwé.

"Kò sí Halim kankan," ọkùnrin náà fèsì. "Wọn ò lè máa pe àgbàlagbà lórúkọ rẹ̀ lásán níbí, ni wọ́n bá fẹnu bímọ fún mi."

Nuha ní ó kúkú dáa, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í jẹun. Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín tán. Ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, àti abọ́ kan, àti ife kan.

Ìwé ìkéde òkú ọkọ rẹ̀ ni Nuha fẹ́ kó tẹ̀. Ọkọ náà, Raafat, jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ogun, kò sì padà. Wọn ò rí òkú rẹ̀, wọn ò rí i láàyè. Láti ìgbà náà, Nuha kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe abilékọ. Kò lè ṣọ̀fọ̀, kò lè fẹ́ ẹlòmíì, bí ẹnikẹ́ni bá sì kan ilẹ̀kùn, a sáré lọ ṣí i. Adájọ́ ti wá gbà báyìí pé kí wọ́n ka ọkùnrin náà mọ́ òkú. Tí ìwé yìí bá ti wà lára ògiri, àwọn èèyàn á wá kí i, wọ́n á mu kọfí ọ̀fọ̀ tí kì í ní ṣúgà, ó parí. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Ìdúródè ti sú u.

Abu Halim ki sídì náà bọ kọ̀ǹpútà. Àwòrán lẹ́tà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ti Lárúbáwá àti ti Faransé, ló wà níbẹ̀, wọ́n ti so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀wé nílùú yẹn ló mọ̀ pé bí èèyàn bá kọ méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, ti Lárúbáwá á kéré lójú, bí ẹni tó jókòó sórí àpótí kúkurú nídìí tábìlì. Àfi kí wọ́n fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́. Abu Halim kọ orúkọ Raafat, ọwọ́ rẹ̀ sì ti fẹ̀ ẹ́ kó tó rò ó. Orúkọ náà wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú ìwé tán.

"Ẹ má fẹ̀ ẹ́," Nuha wí. "Wọ́n ti dọ́gba tẹ́lẹ̀."

"Ta ló mú wọn dọ́gba?"

"Èmi ni. Ọkọ mi ló ya ti Lárúbáwá, èmi ni mo ya ti Faransé. A ò tíì so wọ́n pọ̀ tó fi lọ. Èmi nìkan ni mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi gbọ́ra wọn yé."

Ó ní ọmọ òun obìnrin wà ní Marseille, àwọn ọmọ tirẹ̀ ò sì lè ka Lárúbáwá. Òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn rò pé ìpín tòun ló kéré. Abu Halim dá orúkọ náà padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó ní iṣẹ́ náà dára. Nuha ní òun mọ̀.

Ó kan orúkọ àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀. Bí ìyá olóògbé bá ṣì wà, tirẹ̀ ló ń ṣíwájú, nítorí náà Abu Halim béèrè nípa ìyá.

"Ó ti kú," Nuha dáhùn. "Orí bákónì ló máa ń jókòó sí, tó ń wo títì. Ibẹ̀ náà ló kú sí."

Abu Halim dìde, ó ní òun ń lọ se kọfí. Ó pẹ́ nídìí sítóòfù. Kò béèrè ìwọ̀n ṣúgà tí obìnrin náà ń mu kó tó gbé e kaná, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí kì í béèrè. Ife kan ṣoṣo náà ló bu kọfí sí fún un. Nuha mu ún tán.

Wọ́n kọ Lamis, ọmọ tó wà ní Marseille. Nuha ní ó ku Bassam.

"Bassam?"

"Oyún rẹ̀ ò tíì hàn nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde. Ó máa ń bi mí bóyá òun jọ ọ́."

Abu Halim tẹ orúkọ náà, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Iná sì lọ. Wọ́n jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣú náà títí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò fi gbéra.

Nígbà tí ìwé jáde tán, Abu Halim tò wọ́n jọ, ó dì wọ́n, ó sì tì wọ́n sọ́dọ̀ Nuha láìgbójú sókè. Ó béèrè bóyá kí òun bá a lẹ díẹ̀ mọ́ ògiri Tripoli. Nuha ní rárá.

Ó fa ẹyọ kan yọ nínú wọn, ó tẹ́ ẹ síwájú ọkùnrin náà, ó ní, "Raafat, tìrẹ nìyí, ọ̀la ni mo máa lẹ àwọn yòókù nílé, nítorí náà bí o bá ní nǹkan kan tí o fẹ́ bá àwọn ọmọ rẹ sọ, sọ ọ́ kí n tó dìde."