Ìjábọ̀ Ìlà Méjì

Ẹ̀rọ tó ń yẹ ìwé wò lẹ́nu ọ̀nà kóòtù tún dá ìjábọ̀ Sísítà Ìbíyẹmí padà. "Èébú wà ní ìlà kẹta," ló wí.

Ìgbà kẹrin nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún ni Sísítà fi ṣe nọ́ọ̀sì kó tó máa bá àwọn lọ́yà túdìí ìwé ilé ìwòsàn, àmọ́ ìwé kíkọ ò tíì mọ́ ọn lára. Ibùsùn ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn ló fẹjọ́ sun Nọ́ọ̀sì Mojíṣọlá. Ó ní òun ń yí Bàbá Ṣówándé, aláìsàn tó dùbúlẹ̀ lórí òun, padà ní wákàtí méjì-méjì, pé nọ́ọ̀sì ló fà á tí egbò fi yọ sí bàbá lẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọmọbìnrin náà.

"Ṣé irọ́ kọ́ ni ibùsùn ń pa ni?" Sísítà figbe ta.

"Mà, ohun tẹ́ ẹ rí nìkan ni kẹ́ ẹ kọ," Lọ́yà Akínṣẹ̀tè tó ń gbẹjọ́ Mojíṣọlá rò bẹ̀ ẹ́.

Ó gbé ìbínú mì bí oògùn kíkorò, ó sì kọ ìlà méjì péré: "Ibùsùn ní òun yí Bàbá padà ní aago mẹ́rin. Ìwé ilé ìwòsàn ní láti aago mẹ́ta sí márùn-ún ọjọ́ náà, Bàbá wà lórí tábìlì ní yàrá iṣẹ́ abẹ."

Ẹ̀rọ gbà á wọlé. Adájọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá yíjú sí ibùsùn nínú àpótí ẹlẹ́rìí.

"Kí lo rí sọ sí i?"

Ibùsùn tó ti ń rojọ́ láti àárọ̀ rọra ń sọ orí rẹ̀ kalẹ̀ títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ.