Ogún Ìṣẹ́jú Orí Ìwé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìlà méjì kẹ́ ẹ tó fò lọ síbòmíì, ẹ dákun, ẹ ka eléyìí dé òpin. Ó kàn yín, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣòfin fún ẹlòmíì, ì báà jẹ́ nínú ilé yín lásán.

1.
Ọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì ètò ìlera. Òun ló ń pinnu bí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ṣe máa ṣiṣẹ́. Orí ẹ̀ pé, mi ò ní tàn yín. Láyé ìgbà yẹn, aláìsàn lè jókòó sílé ìwòsàn láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kàn án lórí kí nọ́ọ̀sì tó dá a lóhùn. Ọkùnrin yìí wá gbé òfin kan jáde: láti ìgbà tí wọ́n bá ti kọ káàdì aláìsàn, kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó tó rí nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ máa wá wí tẹnu ẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìròyìn dé. Wákàtí mẹ́ta tí aláìsàn fi ń dúró ti di ogún ìṣẹ́jú. Ó fi férémù sí ìwé náà, ó gbé e kọ́ ara ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Oníṣẹ́jú, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Alága ètò ìlera ní tí nọ́ńbà yẹn ò bá yí padà títí ọdún á fi parí, òun ni wọ́n máa fi ṣe olórí gbogbo ètò, òfin ẹ̀ á sì dé gbogbo ilé ìwòsàn tó kù.

Ìyá kan tó ń ṣe akọ̀wé lọ́fíìsì bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti débẹ̀ wò?"

"Kí ni mo fẹ́ wá lọ síbẹ̀? Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú ìwé."

Akọ̀wé ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

2.
Ìyá tó bí ọ̀gá yìí, aránṣọ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, oṣooṣù ló sì ń lọ sílé ìwòsàn tó wà lópòópónà kejì sílé wọn. Tó bá ń lọ, á gbé àpótí ìjókòó kékeré kan sábẹ́ apá, á mú agboòrùn dání.

Ọmọ ẹ̀ rí i lọ́jọ́ kan, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Màámi, ṣé ilé ìwòsàn lẹ̀ ń lọ, àbí ẹ̀ ń kó kúrò nílé?"

"Àpótí mi ò wúwo."

"Ṣé wọ́n ń tètè dá yín lóhùn?"

Màmá wo ojú ọmọ ẹ̀, ó rántí ìwé inú férémù. "Wọ́n ń tọ́jú mi dáadáa, ọmọ mi."

Ẹ má bá màmá wí o. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Kò fẹ́ ba ayọ̀ ọmọ ẹ̀ jẹ́ ni.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń ràn ganrínganrín, nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà pe ọ̀gá lórí fóònù. Màmá ẹ̀ ti dákú lẹ́nu géètì. Ó sáré jáde, kò rántí ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Nígbà tó débẹ̀, èèyàn ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n tò lọ rẹrẹ lára ògiri, láti ẹnu géètì dé ibi tí òpópónà ti yà: abiyamọ, arúgbó, ẹni tó fi aṣọ wé ẹsẹ̀, gbogbo wọn nínú oòrùn. Àwọn bẹ́ǹṣì inú ilé ṣófo. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fún un lómi, ara ẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi àwọn èèyàn sílẹ̀ síta?"

"Ọ̀gá, ẹ ní ká máa ka ìṣẹ́jú látìgbà tá a bá ti kọ káàdì. Àwa méjì péré la wà níbí. Tá a bá kọ káàdì gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, a ti rúfin nìyẹn. La ò bá kọ tẹnikẹ́ni mọ́, àfi tó bá ku díẹ̀ kó kàn án. Ẹni tí ò bá sì ní káàdì ò lè wọlé."

"Ẹ ò wá lè sọ fún mi?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì la kọ̀wé sí yín. Ẹ ní nọ́ńbà lẹ fẹ́, ẹ ò fẹ́ àlàyé."

Ó rántí. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi kọ èsì yẹn. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa wò.

4.
Ó jókòó ti màmá ẹ̀, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. "Màámi, èmi ni mo ṣe yín báyìí."

"Ìwọ kọ́ lo ní kí oòrùn ràn," ni màmá wí, ó sì rọra rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ gbọ́. Nígbà tí mo ń ránṣọ, tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ dáa, téèpù kọ́ ni mo máa ń bi. Màá ní kí oníbàárà wọ̀ ọ́, kó jókòó, kó gbọ́wọ́ sókè. Ibi tó bá ti fún un, á sọ. Òfin tó o rán yìí, ṣé o ti wọ̀ ọ́ wò rí?"



5.
Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó yá àpótí màmá, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ nílé, ó lọ tò sórí ìlà kí wọ́n tó ṣí géètì. Ìyá kan tó wà lẹ́yìn ẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀. "Bùrọ̀dá, ó jọ pé ẹ ò tíì wá síbí rí. Ẹ jókòó dáadáa, ó ṣì máa pẹ́."

Wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú ló lò kó tó rí nọ́ọ̀sì.

Ó yọ férémù lára ògiri, ó gbé e lọ bá alága. "Ẹ má fi òfin yìí ránṣẹ́ síbòmíì, sà. Irọ́ ni nọ́ńbà mi." Bí ipò olórí ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Ó dùn ún, kò sì fi pa mọ́.

Àmọ́ wọ́n jẹ́ kó tún iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Ẹnu géètì ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú báyìí. Wọ́n ń sọ wákàtí tí oníkálukú máa wá fún un. Nọ́ọ̀sì ti pé mẹ́ta. Kí wọ́n tó gba ìròyìn kankan, ẹni méjì látorí ìlà máa kọ́kọ́ sọ tẹnu wọn. Nígbà tí ọdún parí, àádọ́ta ìṣẹ́jú ni wọ́n bá níbẹ̀. Kò dáa tó ogún tó fi ń fọ́nnu tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ọkàn ẹ̀ sì balẹ̀.

Màmá ń ju ọwọ́ lọ ju ọwọ́ bọ̀ nílé ìwòsàn báyìí. Àpótí ẹ̀ wà lọ́fíìsì ọmọ ẹ̀. Ẹni tó bá gbé òfin tuntun wá, orí àpótí yẹn ló máa jókòó sí, akọ̀wé á sì bi í pé, "Ṣé ẹ ti débẹ̀ wò?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò fáráyé, ẹ kíyè sára. Ìwé lè kún fún ire, kí ìyá yín máa gbóná nínú oòrùn. Ẹ dìde, ẹ lọ fojú ara yín rí i, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń lò ó. Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni.