Ọkọ̀ Màmá Kò Ké Mọ́

Ènìyàn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: mọkáníìkì kan, ìyá rẹ̀ tó ní ọkọ̀ tó ń ké, àti oníbàárà kan tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà, ẹni tí ìyá nìkan mọ̀.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Abẹ́ rẹ̀ ló ń pariwo. Bí ó bá ti gun gegele ẹnu géètì, á ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bí wọ́n bá tẹ bíréèkì, á súfèé. Fèrèsé mọkáníìkì kọjú sí géètì, ariwo náà ló sì máa ń jí i. Kò tún un ṣe. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìrìn wákàtí mẹ́rin tó lọ sílé ọmọ rẹ̀ obìnrin, wákàtí mẹ́ta ló fi ń rìn ín. Àwọn ọmọ méjèèjì ti fẹnu kò pé kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò sí. Nítorí náà, bí abẹ́ ọkọ̀ bá ti ké, mọkáníìkì á yọ sí géètì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu láti dá a dúró.

Abájọ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lọ́jọ́ Ẹtì tí Màmá sọ pé òun ti rí ẹni tí yóò ra ọkọ̀.

"Àárọ̀ ọ̀la ló fẹ́ gbé e," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ariwo rárá."

"Màmá, ẹ fi ìyẹn lé mi lọ́wọ́. Á dákẹ́ rọ́rọ́."

Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà, ó to agolo gírísì mẹ́ta sílẹ̀. Màmá fa àpótí, ó jókòó tì í.

"Ṣé gbogbo gírísì kọ́ ló jọra ni?"

"Rárá o. Tí mo bá fi èyí tó dúdú yìí sára píìnì bíréèkì, rọ́bà ẹ̀ á wú, bíréèkì á há. Sílíkónì ni rọ́bà ń fẹ́, tòun ti rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ tó ń ké yẹn. Oríkèé onírin ló ni èyí tó dúdú. Èyí tó funfun, tí ooru kì í yọ́, ẹ̀yìn pádì ló wà fún. Tó bá fi lè kan ojú pádì, bíréèkì ò ní mú mọ́."

"Ó gbọ́dọ̀ mú o," ni Màmá yára wí. "Ẹni yẹn ń sáré."

"Ẹ ti rí ẹnìkejì yín nìyẹn."

"Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"

"Òjò ò lè fọ̀ ọ́ kúrò."

Nígbà tó parí, ó fẹ́ ti ìjókòó awakọ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. "Ẹni yẹn kò ga jù mí lọ. Ó yá, lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ, kí o dijú. Màá gbé e kọjá, kí a mọ̀ bóyá ó ṣì ń ké."

Mọkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó lọ dùbúlẹ̀. Ó na etí títí. Ẹyẹ nìkan ló gbọ́.

"Màmá, ẹ gbéra, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti lọ, mo ti bọ̀," ni Màmá dáhùn lójú fèrèsé.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú pẹ̀lú gírísì lára wọn, ó fi í jó yí àgbàlá ká. Mọkáníìkì pe àbúrò rẹ̀ pé wàhálà ti tán, ó sì sùn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Oòrùn ti dé orí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ìpè àbúrò rẹ̀ jí i: "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ti dé ọ̀dọ̀ mi o, wákàtí mẹ́ta péré, wọ́n ní kí n bi yín, èló ni oníbàárà jẹ yín lórí gírísì?"