Òkúta Ojú Ọ̀run Tí Gbádébọ̀ Fi Epo Pa

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ti Gbádébọ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn fún yín. Ìmọ̀ òkúta ló ń kọ́ ní yunifásítì, orí rẹ̀ sì pé. Àléébù kan ló ní: ẹnu rẹ̀ kò lè sọ pé, "Mi ò mọ̀."

Nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde, olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àrìnpé, kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí aṣálẹ̀ Sàhárà láti wá òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Kí obìnrin náà tó wakọ̀ lọ pọn omi, ó kìlọ̀ fún wọn.

"Ẹni tó bá rí òkúta ló máa fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Àmọ́ tó bá rú yín lójú, ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ dúró dè mí."

Gbádébọ̀ ló rí i. Òkúta dúdú, kò ju àgbálùmọ̀ lọ, ó dá wà lórí iyanrìn. Ó pariwo pé, "Òkúta ojú ọ̀run rèé!" Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e, ó fúyẹ́. Ṣebí irin ló yẹ kó wà nínú rẹ̀?

Wúràọlá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní, "Àbí ìdàrọ́ ni, pàǹtí irin alágbẹ̀dẹ?"

"Mo ti mọ̀ pé ìdàrọ́ ni," ni Gbádébọ̀ dáhùn kíá.

Alágbẹ̀dẹ wo ló ń rọ ọkọ́ láàárín aṣálẹ̀? Gbádébọ̀ mú òòfà tó máa ń fa irin, ó fi kan òkúta náà. Òòfà fà á díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú pátápátá, ojú sì ń ti Gbádébọ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ló bá rántí ẹdùn àrá bàbá bàbá rẹ̀ nílé. Tí wọ́n bá fọ ìyẹn, tí wọ́n fi epo pa á, ṣe ló máa ń dán.

"Ẹdùn àrá ni! Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó fi kànìnkànìn ha èèpo dúdú ara òkúta náà kúrò. Ó gbé ìgò epo pupa tí ìyá rẹ̀ dì fún un, ó fi pa á. Kò dán. Ó kàn ń fa epo mu bí òwú.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n dé, ó gé òkúta náà, ó fi awò wo inú rẹ̀ títí. Ó mí kanlẹ̀.

"Òkúta ojú ọ̀run ni, Gbádébọ̀, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n sì ni. Ohun tó fara jọ epo tó máa ń wà nínú irú rẹ̀ ti wà kí ayé yìí tó wà, òun gan-an là ń wá. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó gbé bọ̀ láti ọ̀run yàtọ̀ sí èyí tó ti inú ìgò epo ìyá rẹ wá?"

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ni, mà."

"Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n kí n tó gé e. Kí ni wàá wá fi ṣe iṣẹ́ àṣejáde báyìí?"

Omi bọ́ lójú Gbádébọ̀. "Mi ò mọ̀, mà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún náà, òun kò bá wọn jáde.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ìtìjú láti sọ pé nǹkan kò yé ni. Ìtìjú ni kéèyàn ba nǹkan jẹ́ nítorí kí wọ́n má bàa mọ̀ pé kò yé e. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.