Ohùn Kàdúná Lórí Òkè Ayọ̀ba

Ọdún 1978 ni, ọ̀sán Sátidé, ní Adó-Èkìtì.

Tíṣà Olúgbádé ń gbé rédíò tí Olúfúnṣọ́ ọmọ rẹ̀ fi máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ gun òkè Ayọ̀ba, nítorí orí òkè nìkan ni ohùn àwọn ará ọ̀nà jíjìn ti ń wọlé dáadáa.

Múdàṣírù tó ń ṣáàjì bátìrì ló ru bátìrì tẹ̀lé e.

"Tíṣà, bátìrì yìí wúwo ju ìyàwó mi lọ o!"

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ta wáyà mọ́ igi, ó jókòó.

Ní aago mẹ́rin, rédíò sọ̀rọ̀.

"Olúfúnṣọ́! Olúfúnṣọ́! Ajíbádé ni, láti Kàdúná. Ṣé ò ń gbọ́ mi? Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń pè ọ́. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ìka Tíṣà wà lórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dáhùn. Kò tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dá a lóhùn, Tíṣà. Ẹ ṣàánú rẹ̀."

Ohùn náà tún pè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dákẹ́.

"Ẹ kúkú sọ fún un pé a ti sin Olúfúnṣọ́."

Tíṣà ń ká wáyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Nílé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀ mọ́. Bí mo bá sọ fún ará Kàdúná yìí, Múdà, ta ni yóò tún máa pe ọmọ mi?"