Lọ́yà Tí Adájọ́ Kò Rí

Ogún ọdún ni Mùtíù ti ń fọ ẹ̀wù àwọn lọ́yà ní Sábó, Zaria. Ó ní òun kò tíì fọ ọ̀kan rí tí òórùn irọ́ kò sí lára rẹ̀. Ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń lọ̀ wọ́n, ó ń gba owó wọn, kò sì ka lọ́yà kankan sí èèyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin kan tí kò rí rí gbé ẹ̀wù dúdú wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Lọ́yà Ọmọ́lábákẹ́ lorúkọ mi. Ẹrẹ̀ ta sí ẹ̀wù mi ní Kwangila, ọ̀kan ṣoṣo tí mo sì ní nìyí. Ẹrù mi yòókù ṣì wà ní Kàdúná. Mo ní ẹjọ́ lọ́la, aago mẹ́sàn-án."

"Ẹjọ́ ta ni?"

"Ti Shamsudeen."

Mùtíù gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

Shamsudeen ló ń fi kẹ̀kẹ́ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Tudun Wada. Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni wọ́n rí òkú Sarat, ọmọ ọdún méje, nínú kànga ẹ̀yìn ilé Shamsudeen. Hàbíbàt, ìyá ọmọ náà, ló ń ta kókó àti kòsé, ìyẹn ògì àti àkàrà, níwájú ṣọ́ọ̀bù Mùtíù. Aṣọ ilé-ìwé Sarat ṣì rọ̀ sórí ìkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí Hàbíbàt kò lè wá gbà á, Mùtíù kò sì lè gbé e fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sún ẹjọ́ náà síwájú. Lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́rìí kò wá. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò rí fáìlì. Lẹ́ẹ̀kẹta, lọ́yà ìjọba ti ṣí lọ sí Kafanchan.

"Ṣé ẹ bímọ?" Mùtíù béèrè.

"Mo bí méjì."

"Ẹ bí méjì, ẹ sì fẹ́ dúró níwájú adájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹranko yẹn?"

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró, bàbá. Iṣẹ́ mi ni."

"Ta ló ń sanwó iṣẹ́ ọ̀hún?"

"Ìjọba ni."

Mùtíù bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Owó orí wa! Ejò bù wá jẹ, a tún ń ra ẹran fún un."

Ọmọ́lábákẹ́ kò bínú. "Àwọn kan ń sọ pé ká jù ú lókùúta lójú títì, kó parí. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, kí ẹjọ́ náà mọ́ débi pé ẹnikẹ́ni kò ní lè tú u ká lẹ́yìn ọ̀la. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni."

"Ẹ lọ pa òwe yẹn fún kànga."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kó má yẹ̀. Adájọ́ ní ọ̀la ni ìkẹyìn."

"Aago méje ààbọ̀, ẹ wá gbà á."

Bó ṣe jáde, Hàbíbàt yọjú sínú ṣọ́ọ̀bù, ṣíbí kókó lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ta nìyẹn?"

"Lọ́yà Shamsudeen."

"Obìnrin bíi tèmi?" Ó yíjú padà sí ọ̀nà tí obìnrin náà gbà. "Ẹ jẹ́ n lé e bá."

"Jókòó ti ìkòkò rẹ. Èmi ni mo máa dá a lóhùn."

Nígbà tó di aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mùtíù àti Hàbíbàt ti wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí kóòtù. Ẹ̀wù dúdú náà, tó ti mọ́, tó ti gan fún sítáàṣì, wà nínú ọ̀rá lórí itan Mùtíù.

"Bí lọ́yà kò bá wọ ẹ̀wù, adájọ́ kò ní rí i," ló wí. "Kó pariwo títí kó fi ya wèrè, adájọ́ kò ní gbọ́. Òfin tiwọn nìyẹn."

"Bó bá yá ti ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Lọ́wọ́ ta ni? Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láàárọ̀ yìí."

Wọ́n ní kí Hàbíbàt jókòó síta títí wọn yóò fi pè é, nítorí ẹlẹ́rìí ni. Mùtíù wọlé, ó jókòó sẹ́yìn. Shamsudeen dúró nínú àgọ́ ẹlẹ́jọ́, ó ti rù. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ lọ́yà jókòó níwájú nínú ẹ̀wù tó ti ṣá, ó ń yẹ ìwé wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àgbà tó yẹ kó gbẹnu sọ fún ọmọdé nìyí, Mùtíù wí nínú ara rẹ̀. Ó pinnu pé òun yóò bá a fọ ẹ̀wù náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Adájọ́ ti jókòó kí Ọmọ́lábákẹ́ tó sáré wọlé, tòun ti òógùn, láìsí ẹ̀wù.

"Olúwa mi—"

"Mi ò rí ọ," ni adájọ́ wí.

"Olúwa mi, alágbàfọ̀ mi ló—"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ́lábákẹ́ bojú wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí Mùtíù àti ọ̀rá orí itan rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Mùtíù gbójú sókè, ó ń wo fáànù.

Adájọ́ yíjú sí bàbá lọ́yà. "Kí lẹ rí sí i?"

Bàbá náà dìde, ó tẹrí ba. "Olúwa mi, àwa ti múra tán. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí. Sùúrù lópin."

Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀, kò pẹ́. Mùtíù di ọ̀rá náà mú ṣinṣin, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Akọ̀wé kóòtù dìde, ó ka ohun tí adájọ́ kọ ní èdè Hausa kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: nítorí pé Ọmọ́lábákẹ́, lọ́yà tí ìjọba rán wá láti fẹ̀sùn kan Shamsudeen, kò wọ ẹ̀wù, kò sí ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn án mọ́, kí ó máa lọ sílé.