Egungun Inú Oúnjẹ Adìyẹ

"Hafeez, wo ẹsẹ̀ rẹ̀!" Aládìyẹ náà gbé adìyẹ agíríìkì kan nàró, ó tún ṣubú. Ìdajì àwọn adìyẹ inú àgò ni ò lè dìde mọ́, oníbàárà láti Gwarinpa sì ti wà lójú ọ̀nà. "Dókítà ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà inú egungun tó ń mú ẹsẹ̀ le, ni ò tó lára wọn. O ò fi egungun sí oúnjẹ tí o lọ̀ fún mi!"

"Alàájà, mo fi Ọlọ́run búra, mo fi sí i." Hafeez tú àpò tuntun, ó bu ẹ̀kúnwọ́. Egungun wẹ́wẹ́ funfun wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Aládìyẹ sáré wo abọ́ àwọn adìyẹ. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá a bọ́ wọn, jáde tòun ti ajọ̀ lọ́wọ́. "Ìyàwó mi, ẹ má jà. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá wọn jọ̀ ọ́ bí èlùbọ́, kí egungun má baà há wọn lọ́fun."

Lẹ́yìn àgò, lórí òkìtì tí Ìyá ń da egungun tó ṣẹ́kù sínú ajọ̀ sí, àwọn adìyẹ ìbílẹ̀ aládùúgbò ń tan ilẹ̀, ẹsẹ̀ wọn le bí òpó.